Christie ará Bergen: Ìwé Òfin ní Ọwọ́ Kan, Ohun Àtijọ́ ní Ọwọ́ Kejì



Ọ̀rọ̀ ọkùnrin ará ilẹ̀ Nọ́wè kan ni mo fẹ́ bá yín sọ. Wilhelm Frimann Koren Christie ni orúkọ rẹ̀. Àwọn tí ń kọ ìtàn ìṣèlú ilẹ̀ náà a máa kà á mọ́ àwọn baba tí ó fi ìdí ìwé òfin orílẹ̀-èdè wọn múlẹ̀ ní ọdún 1814. Àwọn awalẹ̀pìtàn náà kì í sì í yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìtàn iṣẹ́ tiwọn, nítorí pé òun ni ó ṣáájú àwọn tí ó dá ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Bergen sílẹ̀ ní ọdún 1825. Ṣùgbọ́n bí a bá ka ìwé àwọn ti ìṣáájú, gbólóhùn kan tàbí méjì péré ni wọ́n máa ń fún ilé ìṣẹ̀ǹbáyé yẹn, bí ẹni pé iṣẹ́ ọwọ́dilẹ̀ ni, tí ọkùnrin tí ara rẹ̀ kò le mọ́ fi ń lé ọjọ́ alẹ́ rẹ̀ lọ. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Lójú tèmi, iṣẹ́ kan náà ni Christie ń ṣe nígbà tí ó ń bá ọba jiyàn lórí ìwé òfin àti nígbà tí ó ń kó àáké òkúta àti pákó ṣọ́ọ̀ṣì tí ó ti hu jọ.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ohun kan nípa orúkọ iṣẹ́ náà. Nígbà ayé Christie, kò tí ì sí awalẹ̀pìtàn kankan ní Nọ́wè gẹ́gẹ́ bí a ti mọ̀ wọ́n lónìí. Ọdún 1875 ni yunifásítì ilẹ̀ náà tó yan ọ̀jọ̀gbọ́n àkọ́kọ́ fún ìmọ̀ ìwalẹ̀pìtàn, èyíinì ni Oluf Rygh. Àwọn adájọ́, àlùfáà, dókítà àti oníṣòwò tí ọkàn wọn fà sí ohun àtijọ́ ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà kí ó tó di pé ó ní orúkọ. Ọ̀kan nínú wọn ni ọkùnrin yìí.

Ní ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá ọdún 1778 ni a bí i ní Kristiansund, ìlú etíkun kan ní apá ìwọ̀-oòrùn Nọ́wè. Bergen ni ó ti lọ sí ilé ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí ó fẹ́ kọ́ ìmọ̀ òfin, Copenhagen, olú-ìlú Dẹ́nmáàkì, ni ó ní láti lọ, nítorí pé kò sí yunifásítì kankan ní gbogbo Nọ́wè. Láti ọdún 1380 ni Nọ́wè àti Dẹ́nmáàkì ti ń sin ọba kan ṣoṣo, Copenhagen ni ọba náà sì fi ṣe ibùjókòó. Èdè àwọn ará Dẹ́nmáàkì ni àwọn ará Nọ́wè fi ń kọ ìwé, òun ni wọ́n fi ń ka Bíbélì, òun náà ni adájọ́ fi ń dájọ́. Ọdún 1811 ni ọba tó gbà kí a dá yunifásítì sílẹ̀ ní Christiania, ìlú tí à ń pè ní Oslo lónìí. Nígbà náà Christie ti parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó ti ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba ní Copenhagen, ó sì ti padà wá ṣe adájọ́ ní Nordhordland, ìyẹn àwọn abúlé àti erékùṣù tí ó wà nítòsí Bergen.

Ohun tí ó sọ adájọ́ ìgbèríko yìí di olóṣèlú kò ti ọ̀dọ̀ òun fúnra rẹ̀ wá. Ọba Dẹ́nmáàkì ti ṣe ti Napoleon nínú ogun ńlá tí ó gba ilẹ̀ Yúróòpù kan, nígbà tí Napoleon sì bẹ̀rẹ̀ sí ṣubú, ọba náà bá a ṣubú. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1814, ní ìlú Kiel, ó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pé òun fi Nọ́wè sílẹ̀ fún ọba Swídìn, bí ẹni fi oko bàbá rẹ̀ san gbèsè. Ẹnikẹ́ni kò bi àwọn ará Nọ́wè léèrè. Ìdáhùn tiwọn ni pé ọba lè sọ adé rẹ̀ kalẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní ẹ̀tọ́ láti gbé àwọn ènìyàn fún ẹlòmíràn. Christian Frederik, ọmọ ọba Dẹ́nmáàkì tí ó ń ṣe àkóso Nọ́wè nígbà náà, pe àwọn aṣojú jọ sí Eidsvoll, nínú ilé ọlọ́rọ̀ kan tí ó ní ilé iṣẹ́ irin. Àwọn ọkùnrin 112 ni ó jókòó níbẹ̀ láti oṣù Kẹrin títí di oṣù Karùn-ún. Christie wà lára àwọn tí Bergen rán.

Òun ni wọ́n fi ṣe akọ̀wé ìgbìmọ̀ náà. Ẹ má ṣe fi ojú kékeré wo ipò yẹn. Alága ìgbìmọ̀ a máa yí padà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ṣùgbọ́n akọ̀wé kò yí padà. Ẹni tí ó ń kọ ohun tí a sọ sílẹ̀ ni ó mọ ohun tí a fi ẹnu kò lé lórí gan-an, òun sì ni a ó padà lọ bá bí àríyànjiyàn bá dé. Ní ọjọ́ 17 oṣù Karùn-ún, ìwé òfin parí, wọ́n sì yan Christian Frederik ní ọba. Ọjọ́ yẹn ni àwọn ará Nọ́wè ń ṣe àjọ̀dún rẹ̀ títí di òní.

Inú dídùn náà kò pẹ́. Ní ọjọ́ 26 oṣù Keje, àwọn ọmọ ogun Swídìn wọlé. Ẹni tí ó ṣe balógun wọn ni Karl Johan, àrẹ̀mọ Swídìn, tí ó ti jẹ́ ọ̀gágun Napoleon kí àwọn ará Swídìn tó mú un wá jogún adé. Kò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí Nọ́wè fi mọ̀ pé òun kò lè dúró. Ní Moss, ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹjọ, wọ́n dá ogun dúró. Christian Frederik gbà láti fi ipò sílẹ̀. Karl Johan náà sì gbà pé Swídìn kò ní pa ìwé òfin Eidsvoll rẹ́, àfi àwọn ibi tí ó bá pọn dandan láti tún ṣe kí orílẹ̀-èdè méjèèjì lè wà lábẹ́ ọba kan.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Nínú oṣù Kẹwàá ọdún yẹn, Storting, ìyẹn ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Nọ́wè, péjọ ní Christiania láti pinnu ohun tí ó kù. Wọ́n yan Christie ṣe olórí wọn. Ibi tí ọgbọ́n rẹ̀ ti hàn jù lọ nìyí, ọgbọ́n náà kò sì ju ọ̀rọ̀ èwo ni a ó kọ́kọ́ ṣe lọ. Ohun tí àwọn ará Swídìn ń fẹ́ ni kí ilé ìgbìmọ̀ gba ọba wọn ní ọba lójú ẹsẹ̀, kí a tó wá jókòó ti ìwé òfin. Christie àti àwọn tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ kọ̀. Wọ́n gbà ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá pé àwọn yóò wà ní ìdàpọ̀ pẹ̀lú Swídìn, ṣùgbọ́n wọ́n ní a ó tún ìwé òfin ṣe tán ná, ẹni tí ó bá wá jẹ ọba yóò sì jẹ ẹ́ lábẹ́ ìwé tí ó bá nílẹ̀. Ẹ rántí pé àwọn ọmọ ogun Swídìn ṣì wà lórí ilẹ̀ wọn ní gbogbo àkókò yìí. Ẹni tí ó ṣẹ́gun ń dúró, ẹni tí a ṣẹ́gun ń ka ìwé òfin ní abala kọ̀ọ̀kan.

Ọjọ́ 4 oṣù Kọkànlá ni wọ́n parí rẹ̀. Lára ohun tí wọ́n fi kún un ni pé ọba kò gbọ́dọ̀ kó ọmọ ogun Nọ́wè lọ gbógun ti ilẹ̀ mìíràn láìjẹ́ pé Storting fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ wá kan ìdìbò fún ọba, níbẹ̀ ni àríyànjiyàn kan sì ti dìde tí ó yẹ kí àwa tí à ń fi èdè ṣiṣẹ́ fi etí sí dáadáa. Ṣé kí a kọ ọ́ pé a "yan" Karl Kẹtàlá ní ọba ni, tàbí pé a "gbà" á? Ẹni tí a yàn, ọwọ́ àwọn tí ó yàn án ni ipò rẹ̀ ti wá. Ẹni tí a kàn gbà, ó ti lè jẹ́ ọba láti ibòmíràn, bí àpẹẹrẹ láti inú ìwé àdéhùn Kiel. Wọ́n kọ méjèèjì pọ̀: a yàn án, a sì gbà á. Ẹnìkan lè ní kí ni ó wà nínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n fún ọdún 91 tí ìdàpọ̀ náà fi wà, ohun tí Nọ́wè ń tẹnu mọ́ kò yí padà: ẹnikẹ́ni kò fi wọ́n ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ, àwọn fúnra wọn ni wọ́n yàn.

N kò ní í yin ìwé òfin yẹn kọjá bí ó ti yẹ. Abala kejì rẹ̀ ní kí àwọn Júù má ṣe wọ ilẹ̀ Nọ́wè rárá. Àwọn ọkùnrin tí wọ́n ń sọ pé a kò gbọ́dọ̀ pín àwọn bí ẹrú ni wọ́n kọ èyí, àtúnṣe oṣù Kọkànlá kò sì mú un kúrò. Ọdún 1851 ni a tó yọ ọ́, Christie sì ti kú ní ọdún méjì ṣáájú.

Lẹ́yìn èyí, òun ni ó ṣáájú àwọn ikọ̀ tí ó gbé ìròyìn ìdìbò náà lọ bá ọba ní Stockholm. Ó tún wà ní ipò olórí ní Storting ọdún 1815, èyí tí ó fọwọ́ sí ìwé ìdàpọ̀ orílẹ̀-èdè méjèèjì. Ọ̀rọ̀ ìṣáájú ìwé náà sọ pé kì í ṣe ipá ogun ni ó dá ìdàpọ̀ yìí, ìgbàgbọ́ ọkàn ni. Ẹni tí ó mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní oṣù Keje lè rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ohun tí a bá ti kọ sílẹ̀, tí ọba sì fọwọ́ sí, ó ti di ohun tí a lè fi mú ọba. Ọba wá fi Christie ṣe aṣojú rẹ̀ lórí gbogbo ẹkùn Bergen. Ó ṣe é fún nǹkan bí ọdún mẹ́wàá. Àìsàn ni ó lé e kúrò níbẹ̀ ní ọdún 1825, nígbà tí kò tí ì pé ẹni ọdún 47.

Ọdún yẹn gan-an ni ó sì dá ilé ìṣẹ̀ǹbáyé sílẹ̀.

Kí a lè mọ ohun tí ó sún un sí i, ó yẹ kí a mọ ibi tí àwọn ohun àtijọ́ Nọ́wè ń lọ nígbà náà. Ní ọdún 1807, ìjọba ní Copenhagen yan ìgbìmọ̀ kan láti máa kó ohun àtijọ́ jọ, nígbà tí ó sì di ọdún 1819 wọ́n ṣí ilé tí ó wà fún un sílẹ̀ fún ará ìlú. Olùtọ́jú rẹ̀ ni C. J. Thomsen, ẹni tí ó kọ́ wa láti pín àwọn ohun wọ̀nyí sí ti ìgbà òkúta, ti ìgbà idẹ àti ti ìgbà irin. Iṣẹ́ ńlá ni Thomsen ṣe, gbogbo awalẹ̀pìtàn ni ó jẹ ẹ́ ní gbèsè. Ṣùgbọ́n nígbà tí Nọ́wè ṣì wà lábẹ́ Dẹ́nmáàkì, ọ̀nà Copenhagen ni idà tàbí ohun ọ̀ṣọ́ tí àgbẹ̀ bá hú jáde nínú oko rẹ̀ ní Nọ́wè ń gbà lọ bí ó bá bọ́ sí ọwọ́ ìjọba. Ohun tí kò bọ́ sí ọwọ́ ìjọba, alágbẹ̀dẹ a máa yọ́ ọ. Ó tún ní àwọn ṣọ́ọ̀ṣì onípákó ti ayé àtijọ́, tí òpó wọn dúró lóòró bí igi inú igbó. Bí ìjọ bá ti fẹ́ kọ́ èyí tí ó tóbi jù, wọn a wó ti àtijọ́. Ọ̀kan nínú wọn, ti Vang, ni wọ́n tà ní gbàǹjo ní ọdún 1841. Johan Christian Dahl, ayàwòrán ọmọ Bergen, ni ó rà á, nítorí kí wọ́n má bàa sọ ọ́ di igi ìdáná, ṣùgbọ́n kò rí ibi tí yóò gbé e sí ní Nọ́wè. Ọba Prussia ni ó gbà á lọ, ilẹ̀ Pólándì ni ó sì wà lónìí.

Christie kò ní agbára ìjọba mọ́ nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ó ní ni orúkọ rere àti ìwà akọ̀wé. Òun àti Bíṣọ́ọ̀bù Jacob Neumann pẹ̀lú àwọn ará ìlú mélòó kan ni wọ́n dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Ìlú oníṣòwò ni Bergen, ibẹ̀ ni ẹja gbígbẹ ti àríwá, irú èyí tí àwọn ọjà tiwa mọ̀ sí pańla tàbí okporoko, ti ń gba inú ọkọ̀ ojú omi lọ sí ilẹ̀ òkèèrè fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún. Nítorí náà, ọ̀nà méjì ni ohun fi ń wọlé sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé wọn: àlùfáà àti adájọ́ ń fi ti oko ránṣẹ́, àwọn atukọ̀ ń gbé ti òkun wá. Àwọ̀ ẹyẹ, ẹja, òkúta oríṣiríṣi, owó àtijọ́, àáké òkúta, idà tí ó ti dípẹtà, òkúta tí a fín lẹ́tà rúùnù sí lára, àti pákó iwájú pẹpẹ tí àwọn ayàwòrán ti kùn ní nǹkan bí ọdún 1250 sí 1350. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú irú pákó yìí tí ó ṣẹ́kù ní Nọ́wè, Bergen ni wọ́n wà. Wọn ò sọ pé ti ọba àti jagunjagun nìkan ni àwọn ń fẹ́, ohun tí ó sì mú kí n fẹ́ràn ilé náà nìyẹn. Bí ẹ bá ń wá ìdí tí orílẹ̀-èdè fi lè sọ pé òun ti wà kí Copenhagen àti Stockholm tó mọ̀ ọ́n, ẹ ó rí i nínú idà. Ẹ ó sì tún rí i nínú ìwọ̀ ìpẹja.

Ní ọdún 1834, òun àti Neumann bẹ̀rẹ̀ ìwé àtìgbàdégbà kan. Urda ni wọ́n pè é, wọ́n yọ ọ́ láti inú orúkọ Urd, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin mẹ́ta tí àwọn baba ńlá wọn gbà gbọ́ pé wọ́n ń yan kádàrá fún ọmọ ènìyàn ní ìdí igi ayé. Urd ni wọ́n sábà máa ń so mọ́ ohun tí ó ti kọjá. Àpèjúwe òkìtì ibojì, ti òkúta rúùnù àti ti ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ ni ó kún inú ìwé náà, pẹ̀lú àwòrán. Títí di ọdún 1847 ni ó fi ń jáde.

Ohun mìíràn tún wà tí ó yẹ kí ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ẹ̀kọ́ ẹ̀ka-èdè mọ̀. Christie a máa kó ọ̀rọ̀ jọ gẹ́gẹ́ bí ó ti ń kó òkúta. Èdè Dẹ́nmáàkì ni ó fi ń kọ ìdájọ́ àti òfin, ṣùgbọ́n àwọn àgbẹ̀ àti apẹja ìwọ̀-oòrùn Nọ́wè tí ó gbé láàárín wọn kì í sọ èdè yẹn. Ohun tí ń jáde lẹ́nu wọn sún mọ́ èdè àwọn Viking ju ohun tí ó wà nínú ìwé lọ. Ó ń kọ àwọn ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ ní ìkọ̀ọ̀kan. Kò tẹ̀ ẹ́ jáde nígbà ayé rẹ̀. Ọdún 1937 ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Bergen tó tẹ ìwé ọ̀rọ̀ ẹ̀ka-èdè rẹ̀. Lọ́dọ̀ tèmi, ìwé yìí ni ó jẹ́rìí jù lọ sí ohun tí mo ń sọ. Ẹni tí ó jà nítorí ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín "yàn" àti "gbà" kò lè jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tí àgbẹ̀ fi ń pe irinṣẹ́ rẹ̀ ṣègbé.

Ṣùgbọ́n a kò gbọ́dọ̀ fi ìfẹ́ bo òtítọ́. Bí àwọn ènìyàn ìgbà náà ti ń wa ilẹ̀ kò bá ohun tí à ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa mu rárá. Wọn a gbẹ́ àárín òkìtì láti òkè títí wọ́n ó fi kan ohun tí ń dán, wọn a sì da erùpẹ̀ nù. A ti wá mọ̀ lónìí pé inú erùpẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ìtàn wà: ìpele wo ni idà náà dùbúlẹ̀ lé, èédú wo ni ó wà nítòsí rẹ̀, irúgbìn wo ni ó dàpọ̀ mọ́ ọn, ṣé a ti tú ibojì náà rí. Nígbà tí a bá ti yọ ohun kan kúrò níbẹ̀ láìkọ ìwọ̀nyí sílẹ̀, kò sí bí a ti lè dá a padà. Ó sì tún kù síbẹ̀. Pákó pẹpẹ tí ó kúrò ní abúlé wá sí Bergen bọ́ lọ́wọ́ iná àti ìjẹrà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó bọ́ lọ́wọ́ àwọn ọmọ ẹni tí ó kùn ún pẹ̀lú. Ohun tí Copenhagen ṣe sí Nọ́wè ni Bergen ṣe sí abúlé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà rẹ̀ kò jìn tó bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá bi mí pé kí ni ó yẹ kí Christie ṣe, n ó ní kí ó kó o wá náà, nítorí mo mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí èyí tí a kò kó.

Ó kú ní Bergen ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹwàá ọdún 1849. Ilé tí ó dá sílẹ̀ kò bá a kú. Wọ́n kọ́ ilé ńlá fún un lórí òkè Sydneshaugen ní nǹkan bí ọdún 1865. Ní ọdún 1882, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Fridtjof Nansen wá ṣe olùtọ́jú níbẹ̀ ní apá ti ẹranko, kí ó tó di pé ayé mọ̀ ọ́n nítorí ìrìn àjò rẹ̀ sí ilẹ̀ yìnyín. Ìdàpọ̀ pẹ̀lú Swídìn tú ká ní oṣù Kẹfà ọdún 1905, nígbà tí ó sì di oṣù Keje ọdún kan náà, Nọ́wè ṣe òfin tí ó dáàbò bo òkìtì ibojì àti àwọn ohun àtijọ́ mìíràn. Ní ọdún 1917, ohun èlò ìtúlẹ̀ àgbẹ̀ kan ní agbègbè Sogndal kan òkúta Eggja, tí ó ní nǹkan bí 200 lẹ́tà rúùnù. Bergen ni wọ́n gbé e wá. Láti inú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé yìí ni Yunifásítì Bergen ti jáde ní ọdún 1946. Ère Christie, iṣẹ́ ọwọ́ Christopher Borch, tí wọ́n ṣí aṣọ lójú rẹ̀ ní ọjọ́ 17 oṣù Karùn-ún ọdún 1868, ti wá dúró níwájú ilé náà báyìí, pẹ̀lú ìwé òfin lọ́wọ́.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2017, àwọn olè gba orí àtẹ̀gùn irin tí àwọn kọ́lékọ́lé gbé kalẹ̀ fún àtúnṣe, wọ́n gun òkè, wọ́n fọ́ fèrèsé, wọ́n sì kó nǹkan bí 400 ohun ìgbà àtijọ́ lọ. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ti àwọn Viking, wọn kò ju ohun tí ń wọ inú àtẹ́lẹwọ́ lọ: ìkọ́ aṣọ, ìlẹ̀kẹ̀, ègé irin kéékèèké, tí kò lówó lórí tó bẹ́ẹ̀ bí a bá yọ́ wọn. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé náà kó àwòrán àwọn ohun tí wọ́n jí síta fún gbogbo ayé, kí ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá gbé e wá bá lè dá a mọ̀. Àwọn ọlọ́pàá rí èyí tí ó pọ̀ jù lọ nínú wọn gbà padà.